Alágbàtọ́ Olówó Ńlá: Ìwé Ẹ̀rí Wo Lẹ Gbàgbé Láti Béèrè?

Bí ẹ bá ń ka ìpolówó iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ó ti rí irú èyí rí: ìdílé kan ní Lekki tàbí ní Ìkòyí ń wá alágbàtọ́ fún ọmọ méjì. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí NCE tàbí dìgírì. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń ṣe bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀wẹ̀, kó mọ mọ́tò wà, kó sì mọ oúnjẹ sè. Inú ilé ni yóò máa gbé. Owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ á mú kí àgùnbánirọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìlà kan yóò wá jókòó sí ìsàlẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó máa bá àwọn ọmọ sọ.

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn la fẹ́ bá jà lónìí. A ò bá owó náà jà. Inú wa dùn pé ẹnì kan ní Nàìjíríà ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọ títọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì mọ ohun tó ń béèrè tó bẹ́ẹ̀, ni yóò tún fi owó ara rẹ̀ ra ẹni tí yóò gba èdè kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀. A sì mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè jáde níwájú wa, ẹ̀yin gan-an lẹ ń gba alágbàtọ́ báyìí. Ẹ má bínú, ẹ gbọ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ wa nìyẹn. Orúkọ méjì ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń bá ni tọ́jú ọmọ. Èkíní ni ọmọ ọ̀dọ̀: ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni. Orúkọ yìí sọ ibi tó ń gbé, kò sọ ohun tó mọ̀. Ó lè gbálẹ̀, ó lè pọnmi, wọ́n lè rán an lọ sọ́jà. Èkejì ni alágbàtọ́: ẹni tó gba ọmọ, tó ń tọ́ ọ. Iṣẹ́ wà nínú orúkọ yẹn, ìmọ̀ wà nínú rẹ̀, àṣẹ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ fẹ́ san owó ńlá fún kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tó wọ aṣọ tuntun. Alágbàtọ́ ni. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì lò ó bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó tí à ń wò kọ́ṣe ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1892 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Emily Ward dá ilé ẹ̀kọ́ Norland sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó rí ni pé àwọn olówó ìlú náà ń fa ọmọ wọn lé ìránṣẹ́ tí kò kọ́ nǹkan kan nípa ọmọ lọ́wọ́. Ó mú ìmọ̀ Friedrich Froebel, ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, ó fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé. Bath ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà báyìí. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi ń gba dìgírì lórí ìdàgbàsókè ọmọdé, yóò sì tún ṣiṣẹ́ ọdún kan lọ́dọ̀ ìdílé kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí Norland. Wọ́n ń kọ́ ọ ní oúnjẹ ọmọ, ní aṣọ rírán, ní bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀, títí kan bí a ṣe ń wa mọ́tò lórí ọ̀nà tó ń yọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ alágbàtọ́ tó tọ́ àwọn ọmọ Ọmọba William.

Ẹ wò ó dáadáa. Owó ńlá tí àwọn alágbàtọ́ Norland ń gbà kò ti inú ahọ́n wọn wá. Inú ìmọ̀ ló ti wá. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe ní Èkó ló já ìmọ̀ náà sílẹ̀, tí wọ́n wá mú ahọ́n.

Ṣé à ń sọ pé kí ìmọ̀ má ṣe pàtàkì ni? Rárá o. Tí a bá ní ká kọ ìpolówó tiwa, ìmọ̀ ni yóò gba ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Alágbàtọ́ tó fẹ́ gba owó ńlá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni a ń tẹ́ ọmọ jòjòló sí sùn, kì í ṣe àyà. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmú ìyá nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 máa mu: kò sí omi, kò sí àgbo. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í di ọmọ nímú rọ ọ́ lẹ́kọ mọ́, ẹni yòówù kó ti rọ àwa náà. Bí nǹkan bá há ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lọ́fun, ó gbọ́dọ̀ lè dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí apá, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí nǹkan náà kò bá bọ́, kó yí i padà, kó tẹ̀ ẹ́ láàárín àyà lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó sì máa ké sí ènìyàn bó ti ń ṣe é lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í ṣàdédé da oògùn sọ́mọ lẹ́nu torí pé ó ń sunkún. Ní 2008, oògùn eyín kan tí májèlé wọ inú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà. Ìwọ̀nyí la ń pè ní ìmọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn tàbí ní Tiv, ọmọ náà yóò yè.

Ìmọ̀ kejì ni ọjọ́ orí. Ìwé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, àti pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé ṣiṣẹ́ ilé níta agboolé tirẹ̀. Síbẹ̀, ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń wá alágbàtọ́ oní-dìgírì fún ọmọ, ẹ ó rí ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ kò tíì gbó tó gbé ọmọ ẹlòmíì sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ọmọ ń tọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò gba alágbàtọ́, òfin ló rú.

Ìkẹta ni ohun tí wọ́n ń retí. Ẹ padà sí ìpolówó náà, kí ẹ ka iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kó tọ́ ọmọ. Kó fọ aṣọ ọmọ. Kó wá fọ aṣọ ìyá ọmọ pẹ̀lú. Kó se oúnjẹ ọmọ, kó sì se ti àlejò ọjọ́ Àìkú. Kó jí ní òru tí ọmọ bá jí, kó tún jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ torí ilé ìwé. Ìgbà wo ni ó ń sùn? Wọn kì í kọ ìyẹn síbẹ̀. Owó yòówù kó jẹ́, ẹ bá pín in sí iye wákàtí tó fi wà lójúfò, ẹ ó rí i pé owó ńlá náà kò fi bẹ́ẹ̀ ńlá mọ́. Ẹni tí oorun ń kùn kò lè ṣọ́ ọmọ lẹ́bàá omi ìlúwẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 ní 2024, kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé wo ló ní òṣìṣẹ́ 25? Nítorí náà, ìwé àdéhùn nìkan ló kù tó lè gbèjà alágbàtọ́: iye wákàtí, ọjọ́ ìsinmi, ibi tí yóò sùn, iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Àdéhùn ẹnu kò tó. Ẹni tó bá ní kí alágbàtọ́ mú dìgírì wá, kí òun náà mú bébà àti bírò wá.

A ti dé ìdí ọ̀rọ̀ wàyí. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ ọmọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ló ń fún ọmọ lẹ́nu. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ìyá jáde ní agogo mẹ́fà torí gòsílóò orí afárá, bàbá wọlé ní agogo mẹ́sàn-án, ọmọ ti sùn. Ta ló bá a sọ̀rọ̀ láàárín? Ta ló sọ orúkọ omi fún un, orúkọ imú, orúkọ ẹyẹ? Ọ̀rọ̀ tí alágbàtọ́ bá sọ ni ọmọ á sọ.

Ìtàn ti fi èyí hàn wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti àárín ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ló ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ alágbàtọ́ òyìnbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìlú Tilbury ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì fi ìtàn náà ṣe fíìmù tó jáde ní 2018. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà ní kékeré, kò gbọ́ èdè àwọn òbí rẹ̀. Bàbá Yorùbá, ìyá Yorùbá, ọmọ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ kì í kọ́ ọmọ lédè. Ẹni tó gbé e jókòó ló ń kọ́ ọ.

Ẹ tún wo Brazil. Gilberto Freyre kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1933 pé àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n fi ṣe ẹrú, tí wọ́n sì fi ṣe alágbàtọ́ ọmọ olóko, ló rọ èdè Pọtogí lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Ẹrú ni wọ́n o, kò sí ohun ìwúrí nínú ipò tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbára tó wà lẹ́nu ẹni tó ń tọ́ ọmọ: ẹni tí wọ́n rà bí ẹrù yí èdè ọ̀gá rẹ̀ padà. Tiwa ni pé a ní òmìnira, a lówó lọ́wọ́, a wá ń pàṣẹ fún alágbàtọ́ pé kó di ẹnu.

A mọ èsì tí yóò wá. Èkíní: "Ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi ń lọ. Bó bá ń gbọ́ Yorùbá nílé, yóò pa Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lára." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní ẹ̀ka wa, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Gbogbo wa la kà á ní ọdún kìíní. Báwo lẹ ṣe kà á fún ìdánwò, tẹ́ ẹ wá gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bímọ?

Èkejì: "Alágbàtọ́ wa kò gbọ́ Yorùbá. Ará Benue ni, tàbí ará Kútọnu." A ò sọ pé Yorùbá nìkan ni kí ẹ gbà síṣẹ́. Kó sọ èdè tirẹ̀ fún ọmọ, kó kọrin rẹ̀ fún un. Ọmọ kì í kú torí pé ó gbọ́ èdè mẹ́ta. Kí ẹ̀yin òbí wá sọ Yorùbá tiyín. Ìyá Ìgbò náà, kó béèrè Ìgbò. Ohun tí a lòdì sí ni kí ẹ mú ẹni tó lè pàlọ́, tó lè fi ọ̀rọ̀ dá ọmọ lára yá, kí ẹ wá fi í sínú Gẹ̀ẹ́sì tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó máa sọ "come", "go", "stop", "sit down" láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ọmọ náà yóò gbọ́ lóòjọ́. Ẹni tí ẹ san owó ńlá fún ni ẹ sọ di odi.

Ẹ̀kẹta: "Owó wa ni, ohun tó wù wá la ó fi rà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò owó náà. Ọmọ ọdún 2, ẹ san owó kí alágbàtọ́ má ba à sọ Yorùbá sí i. Ọmọ náà pé ọdún 10, màmá àgbà wá láti Ìjẹ̀bú, ó kí i, ọmọ ń wo ìyá rẹ̀ lójú kí ìyá túmọ̀. Ojú ti ìyá. Ó wá olùkọ́ Yorùbá tí yóò máa kọ́ ọmọ lórí Zoom ní òpin ọ̀sẹ̀. Ta ni olùkọ́ náà? Àwa ni! Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun, a ò sì ní kí ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń kọ́ ọmọ ọdún 10 pẹ̀lú ìwé àti òógùn, alágbàtọ́ ì bá ti fi orin àti eré fún un ní ọdún 2 láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ẹ sanwó láti pa á, ẹ tún ń sanwó láti jí i.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára báyìí ni pé ẹ̀yìn ilé ìwé ti ń dínkù. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 láti dá ààbò bo Yorùbá wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í fọmọ sẹ́yìn. Inú ilé ló kù. Nínú ilé olówó, ọwọ́ alágbàtọ́ ni inú ilé wà.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ rèé. Ẹ̀yin tó ń gba alágbàtọ́, ẹ yọ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá dénú, kó lè ki ọmọ ní oríkì, kó lè pàlọ́, kó lè kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ" kó tó pé ọdún 4. Kí ẹ kà á sí ìwé ẹ̀rí bí ẹ ti ń ka ìwé mọ́tò sí i, kí ẹ sì fi owó lé owó rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyá àgbà tó mọ ìwọ̀nyí tí kò ní dìgírì, ẹ rán an lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìyẹn yá kọ́ ju oríkì lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọdé àti ẹ̀ka àwọn nọ́ọ̀sì jókòó. Oṣù mẹ́fà tó láti fi ṣe ìwé ẹ̀rí alágbàtọ́ kan tí ìlera yóò wà nínú rẹ̀, tí ìdàgbàsókè ọmọ yóò wà nínú rẹ̀, tí àlọ́, eré ọmọdé àti ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá yóò sì wà nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ lẹ ń bi wá pé iṣẹ́ wo la fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Iṣẹ́ rèé, olówó sì ti ń wá a kiri.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀rín yẹn. Ẹni tó fi dìgírì Yorùbá gba iṣẹ́ alágbàtọ́, kíá ni wọ́n á ní ó kàwé tán, ó lọ ń fọ ìdí ọmọ. Ìdí tiyín náà, ẹnì kan ló fọ̀ ọ́, ẹni yẹn kan náà ló sì kọ́ yín ní èdè tẹ́ ẹ fi ń gboyè. Iṣẹ́ tí ojú ń tini láti ṣe ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbà ṣe. Bí àwa tí a mọ Yorùbá bá sá fún ọmọ ọdún méjì, ẹ má bi wá ní ogún ọdún òní ìdí tí kíláàsì wa fi ṣófo.